Kòròfo Ọta Àtijọ́ Tó Wà Nínú Agolo Bàbá Àgbà: Bí Ẹ Ṣe Lè Dá A Mọ̀ Kí Ẹ Tó Tà Á Ní Kìlò

Nílé wa ní Arákàlé, ní Àkúrẹ́, ọta ogun Kírìjì ni gbogbo wa ń pè é. Kòròfo idẹ kan ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó sanra nísàlẹ̀, ó wá fún lọ́rùn lókè. Agolo Ovaltine ni bàbá àgbà fi í sí, pẹ̀lú kọ́bọ̀ tó nihò láàárín, bọ́tìnnì ẹ̀wù àti ìwé owó-orí tí ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀. Ọdún méjìlélógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ ìtàn, kò sì sí ọdún tí mi ò mú un lọ sí kíláàsì nígbà tí a bá dé orí Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi. Àwọn ọmọ á máa gbà á lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n á máa fi ímú gbóòórùn rẹ̀ bóyá ẹ̀tù ṣì ń rùn nínú rẹ̀.

Ìgbà tí mo fẹ̀yìn tì tán ni mo tó jókòó fi gíláàsì wo ìdí rẹ̀. R wà níbẹ̀, G wà níbẹ̀, 43 tẹ̀ lé e, VII ló parí rẹ̀. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, àwọn ọmọ ogun sì tú ká ní 1893. Kòròfo tèmi, 1943 ni wọ́n ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Radway Green, ilé-iṣẹ́ tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kó tó di 1940. Mo fi ọdún méjìlélógún gbáko ṣìnà níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Nígbà tí mo ronú padà, ó yé mi. Àbúrò bàbá àgbà wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí ogun Bọ́má, ìbọn Lee-Enfield tó ń lo irú ọta yìí sì ni wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó parọ́ fún wa. Àwa la ò béèrè, ìtàn tó dùn jù la mú.

Láti ìgbà náà ni àwọn ará ilé, àwọn ọdẹ àti àwọn tí a jọ ṣe tíṣà ti ń gbé kòròfo wá bá mi. Ohun tí mo máa ń ṣe sí i, láti ìgbà tí mo bá gbà á lọ́wọ́ wọn títí mo fi máa kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí, ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí. Ẹ ó tún rí bí àwọn tó ń kún irú kòròfo yìí padà nílẹ̀ òkèèrè ṣe ń ṣe é, torí ìbéèrè yẹn kì í jìnnà lẹ́nu àwọn ọdẹ wa.

Ká kọ́kọ́ fẹnu kò lórí orúkọ. Ọta tó pé ní nǹkan mẹ́rin: kòròfo idẹ, ẹ̀tù tó wà nínú rẹ̀, orí òjé tó ń fò lọ, àti bọ́tìnnì kékeré tó wà láàárín ìdí, èyí tí irin ìbọn máa ń lù kí iná tó ràn. Ojú ìdí ni màá máa pe bọ́tìnnì yẹn. Ètè ìdí ni màá pe ibi tó yọ síta yí ìsàlẹ̀ ká. Ọrùn àti ẹnu, ẹ̀yin náà mọ ibi tí wọ́n wà.

Ohun àkọ́kọ́: ṣé ó ti kú?

Ẹ má tíì fọ̀ ọ́, ẹ má tíì nù ún. Ẹ gbé e síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ wo ibi méjì péré. Ẹ wo ẹnu rẹ̀: ṣé ó ṣófo tí ẹ fi rí ìsàlẹ̀ inú rẹ̀? Ẹ wo ojú ìdí: ṣé kòtò kékeré wà níbẹ̀ bí ẹni fi orí ìṣó tẹ amọ̀? Tí ẹ bá rí méjèèjì, ó ti yìn, ó ti kú, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Tí orí òjé bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì wà láàyè, bó tiẹ̀ ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ẹ̀tù dúdú tí omi ò bá kàn kì í gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Kòtò tó wà lójú ìdí pẹ̀lú orí òjé lẹ́nu túmọ̀ sí pé wọ́n yìn ín, kò dún. Ìyẹn ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù jù. Ẹ má fi ẹ̀mú fa orí rẹ̀ yọ, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má jù ú sínú iná. Ẹ má sì gbé e sápò pé ẹ fẹ́ lọ fi han ọlọ́pàá, torí àwọn tó wà lójú títì á ti dá yín dúró kẹ́ ẹ tó dé àgọ́, ọjọ́ yẹn lẹ ó sì mọ̀ pé àlàyé gùn ju ọ̀nà lọ. Ẹ fi sílẹ̀ níbi tó wà, ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà, ẹ fi ẹsẹ̀ lásán lọ sọ fún àgọ́ ọlọ́pàá kí àwọn tó ń rí sí nǹkan abúgbàù wá gbé e.

Èyí tó ń tan èèyàn jẹ jù ni èyí tí ẹnu rẹ̀ ṣófo àmọ́ tí ojú ìdí rẹ̀ ń dán láìsí kòtò. Ẹnìkan ti yọ orí òjé, ó ti da ẹ̀tù nù, àmọ́ ohun tó ń ta iná ṣì wà nínú bọ́tìnnì yẹn. Ó lè gé ìka ọmọdé tó bá fi òkúta lù ú. Ẹ kà á mọ́ àwọn tó wà láàyè.

Ọ̀rọ̀ òfin ńkọ́? Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ṣì wà nínú ìwé òfin wa. Kò gba ará ìlú láyè láti máa ṣe ìbọn tàbí ọta fúnra rẹ̀, kò sì gbà kéèyàn ní ọta tó wà láàyè nílé láìgba ìwé àṣẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá kún kòròfo ọta padà ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, ọta ló ń ṣe. Ohun tí mò ń kọ́ yín nílé wa níbí ni kíkà, wíwọ̀n àti títọ́jú.

Ibi tí wọ́n máa ń fara pamọ́ sí

Inú agolo ni púpọ̀ wọn wà, gẹ́gẹ́ bíi tèmi. Àmọ́ mo ti rí ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan ní Oǹdó tó fi ń kó áṣáà, ó fi igi gbẹ́ ìdérí sí i, ó ń dán bíi wúrà nítorí ọwọ́ tó ti ń pa á láti ọdún gbọọrọ. Mo ti rí èyí tí ọdẹ fi ń wọn ẹ̀tù sínú ṣakabùlà. Mo ti rí èyí tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ jáde tí wọ́n fi ṣe òrùka ọ̀pá. Tẹ́ ẹ bá ń wá a, ẹ má béèrè ọta lọ́wọ́ àwọn àgbà o. Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á ní àwọn ò ní. Ẹ béèrè ohun èlò idẹ tí baba wọn lò.

Ibi kejì ni ọ̀dọ̀ àwọn oníkóńdẹ̀mù tó ń ti ọmọlanke kiri àdúgbò. Idẹ gbówó lórí ju irin lọ, torí náà wọ́n máa ń yà á sọ́tọ̀ sínú àpò kan. Mo ti bá ọ̀kan lára wọn tó máa ń gba iwájú ilé wa kọjá ṣàdéhùn: tó bá rí kòròfo, kó fi hàn mí kó tó wọ̀n ọ́n, màá san ju iye kìlò rẹ̀ lọ díẹ̀. Nínú ọdún méjì, kòròfo mẹ́ta ló mú wá fún mi, pẹ̀lú ẹnu ẹ̀rọ omi tí kò lóǹkà tó rò pé mo nífẹ̀ẹ́ sí.

Ibi tí mi ò fẹ́ kí ẹ ti mú un ni ojú ọ̀nà oko àti inú igbó tí ìjà ti ṣẹlẹ̀ láìpẹ́. Púpọ̀ nínú kòròfo ọta ogun òde òní, ètè ìdí wọn kì í yọ síta. Ṣe ni wọ́n gbẹ́ kòtò yí ìdí ká, ètè àti ara á wá fẹ̀ bákan náà. Tí irú rẹ̀ bá wà nílẹ̀, tó ń dán, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mílímítà 39 tàbí 45, ohun ẹ̀rí ni fún ọlọ́pàá. Ẹ má gbé e.

Òòfà àti omi ọṣẹ

Kẹ́ ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ wá òòfà. Ti inú sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́ dára, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ni mo ti gba tèmi. Ẹ fi kan ara kòròfo, ẹ tún fi kan ìdí rẹ̀. Òòfà kì í fa idẹ. Tó bá lẹ̀ mọ́ ara, irin tí wọ́n fi idẹ tàbí nǹkan mìíràn bò ni, kò sì ní jẹ́ ti àtijọ́ gan-an. Àmọ́ tí òòfà ò bá fa ara tó sì lẹ̀ mọ́ ìdí, ẹ rọra fi í lélẹ̀, ẹ mí kanlẹ̀, ẹ pè mí. Màá sọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Fífọ̀ kò ṣòro: omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ọṣẹ ìfọṣọ díẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti rọ̀. Ẹ fọ ìdí ju ibòmíràn lọ, torí ibẹ̀ ni ìwé rẹ̀ wà. Mo mọ̀ pé àwọn ìyá wa máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ idẹ títí yóò fi máa kọ mànà. Fún abọ́ àti ẹ̀gbà ọwọ́, ó dára. Fún kòròfo, rárá. Idẹ tí wọ́n fi ń ṣe kòròfo ọta jẹ́ ìdá àádọ́rin bàbà àti ìdá ọgbọ̀n síńkì nínú ọgọ́rùn-ún; omi kíkan tó bá pẹ́ lára rẹ̀ máa ń mú síńkì jáde, ibẹ̀ á wá pọ́n bí ojú ọgbẹ́. Àwọ̀ ilẹ̀ dúdú tó wà lára rẹ̀ kò ṣe é ní nǹkan kan, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ òwú nù ún, ẹ sá a sí ibòji ní ọjọ́ kan.

Kíka ìdí

Ẹ wá gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi, tàbí kẹ́ ẹ fi fóònù ya ìdí rẹ̀ kẹ́ ẹ sì fà á gbòòrò. Ẹ jẹ́ kí iná tọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀gbẹ́ tàn, má jẹ́ kó dojú kọ ọ́ gbọnrangandan. Òjìji tó bá ṣubú sínú lẹ́tà ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ rí i kà. Tí ìdọ̀tí bá dí i, ẹ fi ìyẹ̀fun funfun pa á lójú, ẹ nù ún kúrò. Èyí tó bá kù nínú kòtò lẹ́tà á sọ̀rọ̀.

Lórí ọta ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọfà kékeré tó na orí sókè túmọ̀ sí pé ìjọba ló ni ín. R àti L tí ọfà wà láàárín wọn ni Royal Laboratory ní Woolwich, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lọ́ńdọ̀nù. K nìkan sábà máa ń jẹ́ Kynoch ti Birmingham. Nọ́ńbà méjì tó dá dúró sábà máa ń jẹ́ ọdún. VII kì í ṣe ọdún o: oríṣi keje ọta náà ni, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1910 pẹ̀lú orí òjé tó mú ṣóńṣó. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá rí VII, ẹ ti mọ̀ pé kò sí bó ṣe lè jẹ́ ti Kírìjì, kódà bí ọdún bá ti pa rẹ́.

Tí ìdí bá mọ́ roro láìsí lẹ́tà kankan, ẹ má sọ̀rètí nù. Púpọ̀ nínú àwọn tó dàgbà jù lọ kò ní àmì. Kálípà, irin tí a fi ń wọn bí nǹkan ṣe fẹ̀ tó, ló kù.

Wíwọ̀n

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń fi ẹ̀rọ yí irin ni mo ti yá kálípà. Ẹni tí kò bá rí kálípà yá, kó gbé ìwé méjì tí ẹ̀yìn wọn le dúró lórí tábìlì, kó fi kòròfo sáàárín wọn kó há pẹ́kípẹ́kí, kó yọ ọ́ láìjẹ́ kí ìwé yẹ̀, kó fi rúlà wọn àlàfo. Kò ní pé pérépéré, àmọ́ ìyàtọ̀ tí a ń wá tóbi ju àṣìṣe rúlà lọ.

Ẹ wọn nǹkan mẹ́ta: bí ètè ìdí ṣe fẹ̀ tó, bí gbogbo rẹ̀ ṣe gùn tó, bí ẹnu ṣe fẹ̀ tó. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun nínú ìwé tàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí ṣe pàtàkì gan-an lójú mi. Ẹni tó ti mọ ohun tó fẹ́ rí kì í pẹ́ rí i. Èmi ti jẹ́rìí sí i fún ọdún méjìlélógún.

Tí ètè ìdí bá fẹ̀ tó mílímítà 13.7, tí gígùn jẹ́ 56 tàbí kó lé díẹ̀, tí ẹnu jẹ́ bíi mẹ́jọ àtààbọ̀, tó sì ní ọrùn, .303 ni (íǹṣì ni nọ́ńbà yẹn, fífẹ̀ ihò ìbọn), ọta Lee-Enfield, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lò láti ìparí àwọn ọdún 1880 títí kọjá ogun Hitler. Òun ló pọ̀ jù lágbègbè wa, òun sì ni tèmi.

Tí ètè ìdí bá jẹ́ mílímítà 19, ẹ ti kúrò ní ti Bọ́má. Tó bá gùn tó 60, tó ní ọrùn tó fún dáadáa, tí ẹnu rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi 12, Martini-Henry ni, ìbọn tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọlé ní 1871. .577/450 ni wọ́n ń pè é, orúkọ náà sì ń da àwọn èèyàn láàmú. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò ju pé kòròfo .577 ni wọ́n fún lọ́rùn kó lè gba orí òjé .450.

Tí ètè ìdí bá jẹ́ 19, tí gígùn jẹ́ 51 péré, tí ara rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ́ gbọọrọ láti ìdí dé ẹnu láìní ọrùn, Snider ni. Ọdún 1866 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á. Èyí gan-an ni ọta Kírìjì.

Tó bá tọ́ gbọọrọ tí ètè ìdí rẹ̀ sì lé ní 22, kátíríìjì ìbọn ọdẹ onídẹ ni. Àwọn bàbá wa kan lò ó kí ti páálí àti ti rọ́bà tó gbòde.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí Snider, torí ó kan ìpínlẹ̀ wa. Ní nǹkan bí 1872 ni Glover, tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, ṣí ọ̀nà ìlà-oòrùn tó gba Oǹdó kọjá, kí ọjà Èkó lè dé òkè láì gba ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú. Nígbà tí ogun wá le, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tó wà l'Ékòó dá owó jọ, wọ́n ra Snider, ọ̀nà Oǹdó yìí kan náà sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ gbà dé ojú ogun. Ìró àwọn ìbọn náà láàárín òkè, kí-rì-jì, ló sọ ogun lórúkọ. Tí kòròfo Snider kan bá wà nínú àjà ilé kan ní Oǹdó, kì í ṣe ìyanu; ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló wà.

Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ pè mí tí òòfà bá fa ìdí nìkan rèé. Kòròfo Snider àkọ́kọ́, tí Boxer ti Woolwich gbé jáde, kì í ṣe idẹ tí wọ́n fà jáde lódindi. Idẹ tinrin bíi ìwé ni wọ́n ká yípo bí ẹni ká ẹní, wọ́n wá fi pẹlẹbẹ irin ṣe ìdí rẹ̀. Ti Martini náà bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ olómi bíi tiwa, irú idẹ tinrin bẹ́ẹ̀ máa ń fọ́ bí ewé gbígbẹ, kì í sábà kù. Ẹni tó bá ní ọ̀kan tó pé, kó má ṣe fi omi kàn án.

Ẹ tún fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ láti ẹnu, ẹ wá ihò tí iná ojú ìdí ń gbà wọ inú. Ihò kan láàárín ìsàlẹ̀ ni ti Boxer. Ihò kéékèèké méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni ti Berdan. Boxer jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Berdan jẹ́ ará Amẹ́ríkà, àmọ́ Amẹ́ríkà ló wá gba ti Boxer tọwọ́tẹsẹ̀, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń fi ti Berdan ṣe ọta .303 wọn. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n orí, kì í mọ ilé bàbá ẹni tó bí i.

Àwọn tó ń kún un padà

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní Texas tó ní Martini-Henry. Ní 2003, àwọn oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà ra ọ̀kẹ́ àìmọye ìbọn àtijọ́ láti inú ilé ohun-ìjà ọba Nepal ní Kathmandu, látìgbà náà ni ìbọn yẹn ti wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn tí kò ní ọta tí wọ́n á fi yìn ín. Òfin wọn fàyè gba kéèyàn kún kòròfo tirẹ̀ nílé. Ó máa ń fi hàn mí lórí WhatsApp, èmi náà á máa bi í léèrè bí ọmọ kíláàsì kìíní.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé kò jẹ́ fọwọ́ kan kòròfo àtijọ́ fún yínyìn. "Bàbá, ti yín yẹn, inú páálí ló ti lẹ́tọ̀ọ́." Ohun tó ń ta iná lójú ìdí ọta àtijọ́ ní mákúrì nínú, mákúrì yẹn máa ń wọ inú idẹ nígbà tí ọta bá yìn, á sì sọ ọ́ di ohun tó ń ṣẹ́ bí àkàrà líle. Ojú ò lè rí i. Èyí tó bá fọ́ nínú ìbọn, ojú ẹni tó gbé e sí èjìká ló ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí.

Nítorí náà, kòròfo tuntun ni wọ́n ń wá. Ọ̀nà méjì ló wà. Wọ́n lè ra èyí tí wọ́n ti ṣe tán, bíi ti ilé-iṣẹ́ Bertram ní Ọsirélíà, àmọ́ owó gọbọi ni. Tàbí kí wọ́n ra kátíríìjì idẹ ìbọn ọdẹ oní-24 (nọ́ńbà oríṣi rẹ̀ ni, kì í ṣe mílímítà) tí Magtech ń ṣe ní Brazil, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ bákan náà nídìí, kí wọ́n sì fún un lọ́rùn. Ọ̀nà kejì ni tirẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ fi iná rọ ẹnu rẹ̀ kó rọ̀, á fi òróró pa á, á fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ sínú irin oníhò lẹ́ẹ̀mélòó kan, ihò kọ̀ọ̀kan fún ju ti ìṣáájú lọ díẹ̀. Tó bá fẹ́ kánjú, ọrùn á ká bí ìbọ̀sẹ̀. Mo rí mẹ́rin tó bàjẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà á gé ẹnu rẹ̀ dọ́gba. Nígbà àkọ́kọ́ tí yóò yìn ín ni kòròfo tó fẹ̀ bá inú ìbọn rẹ̀ mu gẹ́lẹ́, láti ìgbà náà lọ, ìbọn yẹn nìkan ló wà fún.

Orí ọ̀rọ̀ iná yìí ni alágbẹ̀dẹ kan tí a jọ ń wo fóònù náà lọ́nà Ìdànrè ti dá sí i. Ọmọ náà to kòròfo sínú abọ́ omi kí omi bo ìdí wọn, torí ìdí kò gbọ́dọ̀ rọ̀. Ó fi iná gáàsì kan ọrùn wọn níkọ̀ọ̀kan nínú yàrá tí kò mọ́lẹ̀ jù, bó bá ṣe fẹ́ pọ́n fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́ báyìí, á taari rẹ̀ kó ṣubú sínú omi.

"Tíṣà, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn," ni alágbẹ̀dẹ wí. "Nǹkan tó gbóná tẹ́ ẹ rì sómi, ṣe ló máa le."

Mo ní irin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, idẹ kọ́. Kò gbà. Ó gé pẹlẹbẹ idẹ kan lára ìdè àpótí àtijọ́, ó là á sí méjì, ó kì wọ́n bọ ẹ̀yinná. Ó ju ọ̀kan sómi, ó fi ìkejì sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀. A mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tán. Nígbà tó gbé wọn, méjèèjì tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ewé ẹ̀kọ. Ó yí èyí tó rì sómi síhìn-ín sọ́hùn-ún títí, ó sì dákẹ́. "Ọgbọ̀n ọdún," ni gbogbo ohun tó sọ. Òótọ́ ni: omi kò ní nǹkan ṣe sí rírọ̀ idẹ, kí ooru má bàa gùn dé ìdí ni wọ́n ṣe ń lò ó. Lílù àti títẹ̀ ló ń mú idẹ le, iná ló ń mú un rọ̀.

Ẹ̀tù dúdú nìkan ni ọmọ náà ń lò nínú Martini, torí ẹ̀tù òde òní tí kì í rú èéfín lè fọ́ ìbọn tó dàgbà tó bẹ́ẹ̀. Ìwé àwọn tó ń ṣe ẹ̀tù ló ń wò fún ìwọ̀n, kì í gbọ́ tẹnu ọ̀rẹ́. Tó bá yìn ín tán, ọjọ́ náà gan-an ni kòròfo á ti wọ omi ọṣẹ, nítorí eérú ẹ̀tù dúdú máa ń fa omi, á sì jẹ idẹ mọ́jú. Kó tó tún kún un, á ki wáyà tinrin tó tẹ orí rẹ̀ bọ inú, á rọra fà á gòkè lára ògiri. Tí wáyà bá kọ́ nǹkan bíi kòtò lókè ìdí díẹ̀, kòròfo yẹn ti fẹ́ já sí méjì. Ó ń jù ú nù láìro ti owó.

Títọ́jú rẹ̀ nílé wa

Ọ̀tá idẹ tó burú jù ni àmóníà. Ní Íńdíà, nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ológun ń kó ọta pamọ́ sí ilé ẹṣin lásìkò òjò. Bí òjò bá dá, wọ́n á rí i pé kòròfo ti sán fúnra rẹ̀. Ó di 1921 kí àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó tú u palẹ̀ pé ìtọ̀ ẹṣin ni: àmóníà inú rẹ̀ ń gba inú atẹ́gùn kan idẹ tí wọ́n ti tẹ̀ títí ara ti ń ro ó.

Mi ò tíì ka ìyẹn nígbà tí mo kó kòròfo kejì mi, .303 mìíràn tí oníkóńdẹ̀mù mú wá, sí sítọ́ọ̀ tó fara ti ilé adìẹ. Kò pé oṣù mẹ́sàn-án. Mo ṣí páálí, mo rí ìlà kan láti ẹnu dé ibi tí ọrùn ti fẹ̀, tààrà, bí ẹni fi abẹ là á. Mi ò jẹ́ kó já bọ́ rí. Nítorí náà, ẹ gbé e jìnnà sí adìẹ, sí ewúrẹ́, sí ilé ìtọ̀, ẹ má sì fi omi ìfọgíláàsì tó ń ta símú kàn án. Ẹ má fi ọ̀rá dí i pa, òógùn á mú un. Páálí gbígbẹ, aṣọ òwú, inú yàrá tí èèyàn ń sùn.

Ẹ so páálí kékeré mọ́ ọn lọ́rùn pẹ̀lú òwú. Ẹ kọ ìwọ̀n mẹ́ta yẹn, ohun tó wà nídìí rẹ̀, ẹni tẹ́ ẹ ti gbà á àti ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á. Ìtàn ìdílé náà, ẹ kọ ọ́, àmọ́ ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn páálí, kí ẹni tó ń kà á mọ èyí tí ẹ wọ̀n àti èyí tí ẹ gbọ́.

Ti ìyá arúgbó Oǹdó tó ń kó áṣáà, ó gbà kí n wọ̀n ọ́n, kò gbà kí n gbé e lọ. Ó da áṣáà sórí ewé, ó gbé kòròfo fún mi. Ètè ìdí 19. Gígùn 51. Kò lọ́rùn. Òòfà ò fà á níbi kankan, torí náà ti ìgbà tí wọ́n ti ń fi idẹ lódindi ṣe é ni. Ìdí rẹ̀ mọ́ roro. Mo ní màmá, ta ló fún yín? Ó ní bàbá bàbá òun ló mú un bọ̀ láti òkè. Mo kọ ìwọ̀n síwájú páálí, mo kọ ohun tí màmá sọ sí ẹ̀yìn, mo fi páálí náà sílẹ̀ fún un. Ó wò ó, ó da áṣáà rẹ̀ padà sínú rẹ̀, ó fi ìdérí dé e.